Ọwọ́ Ọ̀gá Ló Ń Jí Ẹ́ńjìnnì

Oríṣi èèyàn méjì ló wà ní ọgbà mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá títì Ìkọ̀tún sí Ìgàndó. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ìta mọ́tò: bùréèkì, púlọ́ọ̀gì, ọ́ìlì. Àti àwọn tó ń ṣí ẹ́ńjìnnì.

Ẹni tó ń ṣí ẹ́ńjìnnì, àyè tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni. Bó bá dé, wọ́n á sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Bó bá fetí lé mọ́tò, wọ́n á rẹ rédíò sílẹ̀. Ohun tó bá sọ, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Mardiyah fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó ń wá láyé kò ju ìyẹn lọ. Ọkọ ti wà rí. Ó ti lọ. Ilé kíkọ́, ó fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ra ilẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀. Obìnrin tó ti ń lọ sí ogójì ọdún. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gbàgbé àwọ̀ tó ní nígbà tó wà ní tuntun. Hijáàbù dúdú kékeré ló ń wé, kí ọ́ìlì má baà hàn lára rẹ̀. Ó mọ inú ẹ́ńjìnnì bí ẹlòmíràn ṣe mọ inú yàrá rẹ̀ lókùnkùn, ṣùgbọ́n ọgbà kò tíì gbà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n ń pè.

Ọ̀gá náà ni Ọlátúnbọ̀sún, ará Èkìtì, bàbá àgbàlagbà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ọ̀gá Túnbọ̀sún ni gbogbo ayé ń pè é. Ìdajì ọgbà ló kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló sì fún wọn ní fíríídọ̀mù nígbà tí wọ́n kọ́ṣẹ́ tán. Nígbà tí ìyá Mardiyah mú ọmọ rẹ̀ wá, tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama, ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ ò rí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lójú ọ̀nà ni?"

"A rí i, sà. Òun ló ní ká kọjá."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbà á. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbàgbé. Kò sí ọ̀gá mìíràn lágbègbè yẹn tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ó kọ́ ọ bó ṣe ń kọ́ ọkùnrin. Ó bú u bó ṣe ń bú wọn, ó gbá a létí bó ṣe ń gbá wọn létí. Nígbà tí ibà gbé e dùbúlẹ̀, ìyàwó ọ̀gá ló gbé àgbo wá bá a nílé. Lẹ́yìn fíríídọ̀mù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ibi tiwọn lọ. Òun dúró.

Òfin kan wà nínú ọgbà náà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ògiri. Ẹ́ńjìnnì tí a bá ṣí, tí a sì tún dì padà, ẹni tó dì í kọ́ ni yóò kọ́kọ́ tan iná rẹ̀. Ọ̀gá tó fún un ní fíríídọ̀mù ni. Bí ẹni náà ìbáà ti hu ewú. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti kú, àgbà ọgbà ni yóò jókòó dípò. Ọ̀gá á wọlé sí àga awakọ̀, á ṣàdúrà ṣókí, àwọn èèyàn á ṣe àmín, á wá yí kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ ọ̀gá ló ń jí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí ọmọ-iṣẹ́ bá dá jí, wọ́n ní kì í pẹ́ láyé.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Ọ̀gá Túnbọ̀sún pe ọgbà jọ. Ó ní òun ti ń múra ilé. Ojú òun kò ríran dáadáa mọ́, Èkó sì ti sú òun. Ṣẹ́ẹ̀dì òun wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà gan-an, ibi tí gbogbo oníbàárà ń kọ́kọ́ rí. Ọmọ-iṣẹ́ òun kan ni yóò jogún rẹ̀.

"Ẹni tí màá fún, kó ṣí ẹ́ńjìnnì kan lójú gbogbo yín. Kó dì í. Kí n jí i. Kẹ́ ẹ gbọ́ ọ."

Ó wo Mardiyah bó ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo ọgbà rí i pé òun ló wò.

*

Hóńdà dúdú kan ló gbé ẹ́ńjìnnì náà wá.

Olúwadọ̀tun ló ni ín, ọkùnrin kan tó ń gba owó oṣù, tó háyà ilé ní Ayọ̀bọ̀, tó sì fẹ́ràn eré sísá ju bó ṣe yẹ ẹni tó ń gbé Ayọ̀bọ̀ lọ. Ó ní ẹ́ńjìnnì òun ń mí, àmọ́ kò mí tó. Àbúrò òun ní Kánádà yóò fi kámúṣáàfù tuntun ránṣẹ́, irú èyí tí àwọn tó ń sáré ń lò. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Àwòrán wọn wà lórí fóònù rẹ̀. Èwo ni kí òun ní kó rà?

Kámúṣáàfù ni irin gígùn tó dùbúlẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì, tó ń yí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Ó ní kókó lára, bí ìgbà tí a to ẹyin sára ọ̀pá. Kókó yìí ló ń ti àwọn fáàfù sísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ àti epo lè wọlé, kí èéfín lè jáde. Bí kókó bá kéré, fáàfù á ṣí níwọ̀nba. Bí kókó bá tóbi, fáàfù á rì jìnnà, á sì pẹ́ kó tó padà. Ẹ́ńjìnnì á mí kanlẹ̀. Á sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá dúró lójú kan, á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú.

Ohun kan tún wà. Bí fáàfù bá ṣe ń rì sí, bẹ́ẹ̀ ló ń sún mọ́ písítìnnì tó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá fi lè pàdé, irin ló ń lu irin. Ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn.

Mardiyah nu ọwọ́, ó gba fóònù.

"Bọ̀dá Dọ̀tun, ibo lẹ máa ń wà á lọ?"

"Ibi iṣẹ́, lójoojúmọ́."

"Láti Ayọ̀bọ̀? Ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ tí mo mọ̀ yẹn?"

"Òun náà ni jàre, Àǹtí. Kò tíì di òmíràn."

"Níbo lẹ wá ti fẹ́ sá eré?"

"Láàárọ̀ Sunday. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń jáde lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́."

Ìbíyẹmí, obìnrin tó ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, gbọ́ láàárín àwọn jálá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Mardiyah ni. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá sí.

"Láàárọ̀ Sunday! Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"À ń gbàdúrà nínú mọ́tò, mà."

"Bí mo ṣe ń wò yín yìí, ẹ ó gbàdúrà náà dáadáa."

Dọ̀tun rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí àwòrán àkọ́kọ́. "Èmi ti ní kí n mú èyí tó kéré yìí. Mo kà á pé òun ló dára fún mọ́tò tí èèyàn ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ṣé kò ní ṣe é ni?"

Yóò ṣe é. Òun gan-an ló yẹ. Mardiyah mọ̀ bó ṣe mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Kókó kékeré: ẹ́ńjìnnì á fẹ́rẹ̀ẹ́ yára díẹ̀, ara rẹ̀ á tutù níbi gósiló, ẹni tó ni ín á sì máa rẹ́rìn-ín ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ? Ẹni tó bá dúró nínú ọgbà, tí wọ́n jí i níwájú rẹ̀, kí ni yóò gbọ́? Hóńdà kan tó ń dún bíi Hóńdà.

Irú ìyẹn kọ́ ló ń sọ èèyàn di ẹni tó jogún ṣẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ mú ńlá," ó ní.

"Ńlá kẹ̀?"

"Ẹ mú ńlá, kẹ́ ẹ mú sípírìnnì rẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá máa ṣí i, ẹ jẹ́ ká ṣí i nítorí ohun tó tó nǹkan."

Dọ̀tun wojú rẹ̀. Ó gbà á gbọ́. Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn.

*

Àpótí náà dé láti Kánádà nígbà tí òjò ti ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Irin méjì nínú ọ̀rá, wọ́n ń dán bí ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Mardiyah fọwọ́ kàn wọ́n. Ó fi àtàǹpàkò gba orí kókó kọ̀ọ̀kan lọ láti ìpìlẹ̀ dé ṣóńṣó. Ga. Wọ́n ga ju bó ṣe rò lọ.

Ìta gbangba ló ti ń ṣiṣẹ́ náà, níwájú ṣẹ́ẹ̀dì. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ọ̀nà ààtàn Solous, gbogbo ọgbà á bo imú. Òun kò bo tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń kọjá, wọ́n ń dúró wò.

"Àǹtí Mardiyah, ṣé ẹ ti fi iyọ̀ sí i?"

"Iyọ̀ wà níbẹ̀. Ahọ́n tí màá fún ni mo ń wá."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ọbẹ̀ Mardiyah ti ń hó!"

Ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó tú bẹ́líìtì táímíǹgì, èyí tó so kámúṣáàfù pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kí òkè àti ìsàlẹ̀ lè máa yí ní ìṣọ̀kan. Ó tú àwọn ìdè tó di irin àtijọ́ mú, díẹ̀díẹ̀, láti etí wá sí àárín, kí irin má baà ká. Ó pààrọ̀ sípírìnnì fáàfù lọ́kọ̀ọ̀kan; wọ́n le débi pé apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fi gíríìsì dúdú tó ki pa kókó tuntun lára. Ó gbé wọn sùn sáyè wọn. Ó dè wọ́n padà, láti àárín lọ sí etí lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo abẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan. Ó tún un wọ̀n. Ó wẹ̀yìn wò, ó tún un wọ̀n.

Ó gbé bẹ́líìtì sí i. Ó fi àmì pàdé àmì.

Kò de bóòtì tó ń fa bẹ́líìtì náà le tán. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ó ku nǹkan kan kó tó dè é: kó ki sípánà gígùn bọ ìsàlẹ̀, kó fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà jẹ́jẹ́, kó yí i po, kó tún un yí po, kó fi ọwọ́ gbọ́ bóyá fáàfù àti písítìnnì ń kan ara wọn. Pẹ̀lú kókó tó ga báyìí, kò sí bó ṣe lè má ṣe é. Bí nǹkan bá kọ̀, ọwọ́ máa ń dúró. Sítátà kì í dúró.

Sípánà gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá dé.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jọ dá, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ṣùgbọ́n oòrùn ṣì wà lágbedeméjì ọ̀run nígbà tí wọ́n dé. Ọ̀gá Túnbọ̀sún wọ búbá funfun, bàtà rẹ̀ ń dán. Alhaji Yésúfù, alága ọgbà, ẹni tó ń tún ara mọ́tò ṣe, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà méjì kan láti ìlú ọ̀gá tẹ̀ lé wọn. Ó mú wọn wá wo ohun tí òun fi Èkó ṣe. Dọ̀tun náà ti dé, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó.

Ọgbà ti ń pé jọ. Ẹnì kan pa rédíò.

"Ó ti ṣe tán!" ni ọ̀gá wí. Kò béèrè. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó sí àga awakọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà." Mardiyah kúnlẹ̀, ó dìde. "Ẹ dákun, sà, ó ku díẹ̀. Mo fẹ́ fọwọ́ yí i ná."

"Fọwọ́ yí kí ni?"

"Ẹ́ńjìnnì náà, sà. Kókó rẹ̀ ga. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá..."

"Fọwọ́ yí i!" Ọ̀gá kọjú sí àwọn àlejò rẹ̀. "Ṣé mọ́tò Mọ́rísì ayé àtijọ́ ni, tí wọ́n ń fi irin yí níwájú?"

Ẹ̀rín sọ. Àwọn àlejò náà rẹ́rìn-ín, àwọn tí kò mọ kámúṣáàfù yàtọ̀ sí ọ̀pá igi.

Ọ̀gá kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi. Ó yẹ kí a sọ ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tí òun fi dàgbà, bí bẹ́líìtì wọn tilẹ̀ já lójú títì, fáàfù wọn kì í dé ibi písítìnnì. Wọ́n á kàn kú jẹ́ẹ́. Wàá so òmíràn, wàá máa lọ. Ní ayé tirẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì tí kọ́kọ́rọ́ lè pa.

"Sà," ni Mardiyah tún wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré sí i.

"Mardiyah." Alhaji Yésúfù ni. "Jẹ́ kí bàbá ṣe é."

Dọ̀tun ń wò ó. Ojú rẹ̀ ń béèrè. Bí Mardiyah bá sọ pé *ẹ sọ̀ kalẹ̀*, Dọ̀tun yóò bá a dá ọ̀gá dúró. Òun ló ni mọ́tò. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo búbá funfun náà. Ó wo àwọn àlejò láti Èkìtì. Ta ló ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kó sọ̀ kalẹ̀, lójú àwọn ará ìlú rẹ̀, lójú àwọn tó kọ́ níṣẹ́? Ọmọ wo? Obìnrin wo?

Ó gbé sípánà sílẹ̀. Ó yẹra.

"Ọlọ́run má dójú tì wá," ni ọ̀gá wí.

"Àmín!"

"Àgbà kì í wà lọ́jà..."

"Kórí ọmọ tuntun wọ́!"

Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ìró tó jáde kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Ó dàbí ìgbà tí èèyàn da ṣíbí sínú ẹ̀rọ ìlọta. Lẹ́yìn náà, gbàm. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan.

Ọ̀gá tún yí i.

Mardiyah di etí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin náà, ó ń rí i bí ẹni pé wọ́n ṣí i sílẹ̀ níwájú rẹ̀: bẹ́líìtì yọ̀, kókó ti fáàfù wálẹ̀, písítìnnì gòkè wá pàdé wọn. Wọ́n ń ká lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìṣó tí òòlù ṣì lù.

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣófo. Ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo àwọn àlejò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo Mardiyah.

"Kí lo ṣe sí i?"

Ó na ìka sí mọ́tò náà.

"Mardiyah, kí lo ṣe sí i? Tí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, ṣé ó ní àkísà tó o?"

Lẹ́nu ọ̀nà, Ìbíyẹmí sọ̀rọ̀ sínú jálá rẹ̀, kò sì rọra sọ ọ́. "Àkísà ọ̀hún náà ló ṣá jókòó sórí àga awakọ̀."

*

Ní ọjọ́ kejì, kí ìgbìmọ̀ ọgbà tó jókòó, ọ̀gá pè é sí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì. Kò wọ funfun lọ́jọ́ yẹn. Ojú rẹ̀ wú.

"Mardiyah."

"Sà."

"Mo ti fẹ́ máa lọ sílé."

"Mo mọ̀, sà."

"Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ lọ́gbà yìí, wọ́n pọ̀ àbí wọn ò pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀, sà."

"Ṣé kí wọ́n wá máa sọ pé ọwọ́ tó fún àwọn ní fíríídọ̀mù, òun ló pa ẹ́ńjìnnì nígbẹ̀yìn?"

Ọ̀gá sún mọ́ ọn.

"Mi ò ní kó o parọ́ o. Onígbàgbọ́ ni mí. Ìbéèrè kan ni mo ní. Bẹ́líìtì yẹn, ṣé o ti dè é tán?"

"Mo sọ fún yín pé mo fẹ́..."

"Ṣé o ti dè é tán?"

"Rárá, sà."

"Ó tán." Ó mí kanlẹ̀. Ó fọwọ́ gbá pákó ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń gbá màlúù tó fẹ́ tà. "Ibí yìí, tìẹ ni. Mo ti pinnu. Ẹnikẹ́ni kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Ó lọ. Kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo ohun tó sọ.

Ìgbìmọ̀ jókòó sábẹ́ páànù. Alhaji Yésúfù béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mardiyah kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó ti mu ọ́ìlì yó.

"Èmi ni. Mi ò de bẹ́líìtì tán. Ẹ bá mi bẹ Bọ̀dá Dọ̀tun. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá mi."

"Àǹtí," ni Dọ̀tun wí, ó ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, "mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ yí..."

"Bọ̀dá Dọ̀tun, èmi ni."

"Ṣùgbọ́n gbogbo wa la..."

"Mo ní èmi ni!"

Dọ̀tun wo àwọn àgbà yíká. Olúkúlùkù ń wo ibòmíràn. Ó jókòó padà.

Wọ́n yìn ín. Ìyẹn ló burú jù. Alhaji Yésúfù ní ọmọ gidi ni, ọmọ tó mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi, irú rẹ̀ ti wọ́n lóde. Àwọn àgbà mi orí. Ọ̀gá Túnbọ̀sún gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un. Ọwọ́ náà gbóná.

Ohun tó jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀ ní tòótọ́, kò sẹ́ni tó bi í. Kókó kékeré ni Dọ̀tun fẹ́. Kókó kékeré, fáàfù kì bá tí rì débi tí písítìnnì yóò ti pàdé rẹ̀. Ọ̀gá ì bá yí kọ́kọ́rọ́ títí ilẹ̀ ó fi ṣú, kò sí ohun tí yóò ká. Òun ló yan ńlá. Torí kí ọgbà lè gbọ́ ọ. Ọgbà sì gbọ́ ọ. Ó dúró kí ẹnì kan béèrè, ó ti ṣe tán láti sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ń yún un. Wọ́n ti ń kó bẹ́ǹṣì kúrò nílẹ̀.

Bó ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, Ìbíyẹmí kò gbójú sókè.

"Ẹnu ẹni la fi ń kọ 'mi ò jẹ', Mardiyah. Ìwọ la tìrẹ, o ní kí wọ́n bù ú wá."

"Kí ni mi ò bá ṣe?"

"Mi ò mọ̀." Ó ń nu ìdérí jálá kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Nǹkan mìíràn ṣá."

Wọ́n wọ́ Hóńdà dúdú náà jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Ó gba ọ̀nà Dòpémù lọ, wọ́n ní ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ ẹ́ńjìnnì tún ṣe.

*

Ó gba ṣẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Èkìtì. Wọ́n kọ orúkọ Mardiyah sára páànù ẹnu ọ̀nà, ọ̀dà pupa, lẹ́tà ńlá.

Oníbàárà ń wá. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn kì í wá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í jalè, kì í fi ọ̀la dáni lóhùn. Àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ọsibítù Ìgàndó, àwọn tó ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé. Bùréèkì. Púlọ́ọ̀gì. Ọ́ìlì. Bí ó bá gbọ́ ohun tí kò tọ́ nínú ẹ́ńjìnnì, tó sì sọ ọ́, wọ́n á dúpẹ́. Wọ́n á ní àwọn ti ní ẹni tó ń bá àwọn wo ìyẹn. Tẹ̀ríntẹ̀rín. Bí ẹni ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọdé.

Ta ni yóò bá jiyàn? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, lórí ìkúnlẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn tó wà níbẹ̀, tí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ tó ń bẹ ọ̀gá, ti ń rántí rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. *Ìgbà tí Mardiyah gbàgbé bẹ́líìtì.* Báyìí ni wọ́n ń pè é.

Lẹ́yìn ọdún kan ó lé, mọ́tò àwọ̀ eérú kan wọlé. Ẹni tó wà á jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ táì. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Fẹ́kọ́mi lorúkọ mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Túnbọ̀sún ni mí. Wọ́n ní kí n gbé bùréèkì mi wá bá yín."

Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé àga fún un. Ó béèrè ọ̀gá, ìyàwó ọ̀gá, ojú ọ̀gá. Ó tú táyà, ó pààrọ̀ bùréèkì, ó ní kó tan mọ́tò kí wọ́n dán an wò. Ẹ́ńjìnnì náà dún. Lábẹ́ ìró rẹ̀, nǹkan mìíràn wà: kọ́-kọ́-kọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ onílé lẹ́nu.

"Ẹ́ńjìnnì yín ń dún kọ́-kọ́. Kò tíì bàjẹ́ o, ṣùgbọ́n yóò bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i wò."

Ọ̀dọ́kùnrin náà pa iná mọ́tò. Ó wo ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Bàbá ti sọ fún mi. Wọ́n ní bùréèkì nìkan ni kí n jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn."

"Bàbá wo?"

"Bàbá Túnbọ̀sún. Wọ́n ní ẹ ba ẹ́ńjìnnì kan jẹ́ nígbà kan, níwájú àwọn àlejò àwọn." Ojú ń tì í. "Wọ́n ò sọ ọ́ ní burúkú o."

Mardiyah nu ọwọ́. Ó pe nọ́ńbà náà. Ó dún pẹ́.

"Mardiyah! Ọmọ mi! Ṣé Fẹ́kọ́mi ti dé?"

"Ó ti dé, sà. Sà... ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún kọ́-kọ́. Ó ní ẹ ní kí n má..."

"Hẹ̀n-ẹ́n, mo sọ bẹ́ẹ̀." Ohùn ọ̀gá rọ̀. Ó tutù bí omi àmù. "Má jẹ́ kó dùn ọ́. Mi ò bínú sí ọ mọ́. Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́tipẹ́, o gbọ́? Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì, fi í sílẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo ọwọ́. Mo ti sọ fún ìyá rẹ lọ́jọ́ kìn-ín-ní."

Ó tẹ́tí sí i. Ó ń wá nǹkan nínú ohùn náà: ìtìjú, ẹ̀rín, ìdákẹ́ kékeré tí yóò fi hàn pé ẹni méjì ló ṣì mọ̀. Kò sí. Bàbá náà gbà á gbọ́. Nínú àwọn méjèèjì, òun nìkan ló kù tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ó ní. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dárí jì mí."

Ó fi fóònù sápò.

"Àǹtí," ni Fẹ́kọ́mi wí, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, "wọ́n ní ẹnì kan wà ní Dòpémù. Ṣé ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ gba Ìkọ̀tún jáde sí Ẹ̀gbẹ́dá. Tẹ́ ẹ bá dé Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ gba Akówónjò lọ tààrà, yóò gbé yín dé Dòpémù. Ẹ má sáré o. Kò ní gbà á."

Ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí mọ́tò padà, ó sì fi bùréèkì tuntun dúró lẹ́tìí títì, jẹ́jẹ́, kò yọ̀, kò pariwo. Iṣẹ́ tó mọ́. Ó dúró kí títì là. Mardiyah dúró, ó ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ náà títí ariwo ọ̀nà fi gbé e mì.